Bí Oògùn Tó Ń Fẹ Ọmọlójú Ṣe Dé Ojú Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Inú igbó ni ìtàn oògùn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Belladonna ni wọ́n ń pe ewéko náà. Májèlé ni, síbẹ̀ àwọn obìnrin Ítálì ayé àtijọ́ a máa kán omi rẹ̀ sójú kí ọmọlójú wọn lè fẹ̀, nítorí oge.

Ní 1819, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Runge, gbé ológbò lọ bá Goethe, gbajúgbajà òǹkọ̀wé, ní ìlú Jena, ó sì fi bí belladonna ṣe ń fẹ ọmọlójú hàn án lójú ẹran náà. Ẹnu ya bàbá náà, ló bá bun Runge ní kóró kọfí pé kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú rẹ̀ ni Runge ti rí kaféènì, àmọ́ ìyẹn ti di ìtàn mìíràn.

Ní 1831, apòògùn kan tó ń jẹ́ Mein yọ atropine, èròjà tó ń fẹ ọmọlójú, jáde lára ewéko yìí. Nígbà tí Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, gbé awò tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ojú jáde ní 1851, ṣíṣí ọmọlójú sílẹ̀ di kòṣeémánìí fún dókítà ojú. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni atropine sì máa ń lò lójú kó tó ṣíwọ́. Àwọn ọdún 1950 ni cyclopentolate àti tropicamide, àwọn oògùn tó ń fẹ ọmọlójú tí kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, dé.

Ibo wá ni ọmọ ìkókó ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ní 1942, ní Boston, Dókítà Terry ṣàpèjúwe àrùn kan tó ń fọ́ ojú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Nǹkan bí 10,000 ọmọ ló fọ́jú kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á. Stevie Wonder, tí wọ́n bí ní 1950, wà lára wọn. Oyún a fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dé etí rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá yára wáyé, iṣan tirẹ̀ ṣì wà lọ́nà, ọ́síjìn àpọ̀jù tí wọ́n ń fún un kó lè mí sì ń dà á rú. Kate Campbell ní Melbourne nawọ́ sí ọ́síjìn yìí ní 1951, ìwádìí Amẹ́ríkà sì gbè é lẹ́yìn láìpẹ́. Wọ́n dín in kù, ìfọ́jú dínkù, àmọ́ àwọn ọmọ mìíràn ń kú nítorí ọ́síjìn kò tó wọn.

Lójú tèmi, 1988 ni ọdún tó ṣe kókó jù. Ṣáájú rẹ̀, bí dókítà tilẹ̀ rí àrùn náà, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ọdún yẹn ni ìwádìí fi hàn pé bí wọ́n bá fi òtútù jó etí rẹ́tínà lásìkò, wọ́n lè gba ojú náà là. Àfi kí wọ́n tètè rí i. Ìhà etí yẹn gan-an ni àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè rí i gba ọmọlójú tó há.

Ìwọ̀n oògùn tí wọ́n ń kán sójú ọmọ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Phenylephrine, oògùn mìíràn tó ń fẹ ọmọlójú, 10% rẹ̀ tí wọ́n ń lò fún àgbà a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ru, ni wọ́n bá já a wálẹ̀ sí 2.5%, àwọn mìíràn sí 1%. Cyclopentolate lè mú ìfun lọ́ra débi tí wàrà ò fi ní dà nínú ọmọ, ìyẹn náà wá di 0.2%. Bí nọ́ọ̀sì bá kán an tán, á nu èyí tó ṣàn sẹ́rẹ̀kẹ́, á sì fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́bàá imú kí oògùn má bàa gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán kan láti inú ìgò tilẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú àgbà lè gbà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo ẹ̀kán tín-ín-tín.

Kámẹ́rà ti ń ya ẹ̀yìn ojú ọmọ báyìí níbi tí dókítà ojú kò tó, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kọ́kọ́ kán oògùn kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà síbẹ̀.