Ìṣàfarawé orí kọ̀ǹpútà nínú ètò ilé ìwòsàn

Ìṣàfarawé orí kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú aráàlú ń gbà gbé ilé ìwòsàn kan wọ inú kọ̀ǹpútà: bí aláìsàn ṣe ń wọlé, ibi tó ti ń dúró, ẹni tó ń dá a lóhùn, àti ìgbà tó ń jáde. Bí ètò náà bá ti ń ṣe bí ilé ìwòsàn gan-an, wọ́n á wá máa yí nǹkan padà nínú rẹ̀. Bí a bá fi nọ́ọ̀sì kan kún ti òwúrọ̀ ńkọ́? Bí a bá fi ibùsùn mẹ́rin kún ti àwọn aláboyún ńkọ́? Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ̀ǹpútà á ti fi ọ̀pọ̀ oṣù dán an wò, á sì fi ibi tí èrò máa há sí hàn, kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kí aláìsàn kankan tó fara gbá a.

Ìpíndọ́gba ló máa ń tan àwọn olùṣètò jẹ jù. Ká sọ pé nọ́ọ̀sì kan ń wọn BP ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Kubwa, l'Ábújá. Ìṣẹ́jú 5 ló ń lò lórí ẹnì kan ní ìpíndọ́gba, aláìsàn 10 ló sì ń dé ní wákàtí kan. Lórí ìwé, ó lè dá ènìyàn 12 lóhùn ní wákàtí kan, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í dé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà. Ọkọ̀ kan láti Dei-Dei á já ènìyàn mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà kan tí kò gbọ́ Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì á ní kí wọ́n dúró de ọmọ òun tó máa túmọ̀ Yorùbá òun. Bí dídé wọn àti ìṣẹ́jú tí à ń lò lórí wọn bá ń ṣe ségesège báyìí, ìṣirò ìdúró tó wọ́pọ̀ jù fi hàn pé ẹnì kọ̀ọ̀kan á dúró tó ìṣẹ́jú 25 kí ó tó kàn án. Fi ẹnì kan ṣoṣo kún un, kí ó di 11 ní wákàtí kan: ìdúró á di ìṣẹ́jú 55. Nọ́ọ̀sì yìí kò ya ọ̀lẹ, èrò kò sì ju agbára rẹ̀ lọ. Àyè tó ń gba ségesège náà mọ́ra ló ti tán.

Ìmọ̀ ìṣirò ìdúró yìí kò ti ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀. A. K. Erlang, ọmọ Dẹ́nmáàkì tó ń bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, ló tẹ ìṣirò rẹ̀ lórí ìpè tẹlifóònù jáde ní 1909. Ní 1952, onímọ̀ ìṣirò kan, Norman Bailey, gbé e wọ ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dábàá pé kí a pe aláìsàn méjì sí ìbẹ̀rẹ̀, kí a wá máa pe àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ní iye ìṣẹ́jú tí dókítà ń lò lórí ẹnì kan. Ní 1999, ìṣàfarawé kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fi hàn pé bí ibùsùn tó ń kún bá ti ju ìdá 85 nínú 100 lọ ní ìpíndọ́gba, ewu ti dé. Bó bá tó 90, ibùsùn pàjáwìrì á máa tán lemọ́lemọ́. Kò yẹ kí a sọ iye yìí di òfin. Ilé ìwòsàn oníbùsùn 20 gbọ́dọ̀ fi ìdá ibùsùn tó pọ̀ ju ti oníbùsùn 500 lọ sílẹ̀ lófìfo.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: èyí tó ń tọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn láti tábìlì kan dé òmíràn, èyí tó ń wo gbogbo èrò bí omi tó ń ṣàn wọlé tó ń ṣàn jáde, àti èyí tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dára fún ètò ọlọ́dún gígùn, bíi ti àwọn tí ogun Boko Haram lé kúrò nílé tí wọ́n wá ń gbé l'Ábújá. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ wà: SimPy fún Python, simmer fún R, èdè méjì tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.

Àkọsílẹ̀ ni ìṣòro tó le jù l'Ábújá. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,406,239 sí agbègbè olú-ìlú náà, kò sì tíì sí ìkànìyàn mìíràn láti ìgbà náà. Yàtọ̀ sí èyí, aláìsàn ń ti Mararaba ní ìpínlẹ̀ Násáráwá àti Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger wá. Iye ènìyàn tó ń gba káàdì láàárọ̀ ṣe é gbára lé ju iye aráàlú lọ. Kí a fi bébà kékeré mọ́ káàdì, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ aago tí aláìsàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti aago tó kúrò: ìyẹn nìkan tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò tí John Little, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ní 1961 wúlò níhìn-ín pẹ̀lú. Bí ènìyàn 20 bá ń wọlé ní wákàtí kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo wákàtí 3, ènìyàn 60 ló máa wà nínú ọgbà ní ìpíndọ́gba, wọ́n sì nílò àga.

Àsìkò òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn náà gbọ́dọ̀ wọ inú ètò. Ibà máa ń pọ̀ nígbà òjò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, àrùn yírùnyírùn máa ń jà ní òkè Ọya, bó ṣe jà gan-an ní Zamfara ní 2017. Ìṣirò ọdún kan tí a pín sí méjìlá á bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀.

Kí a tó gba ohun tí kọ̀ǹpútà sọ gbọ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oṣù tó kọjá dán an wò. Bó bá ní ìṣẹ́jú 40 ni ìdúró, tí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì sì dúró fún wákàtí mẹ́ta, nǹkan kan ti ṣẹ́ kù síta: dókítà tó pẹ́ dé, iná tó lọ ní yàrá àyẹ̀wò, tàbí ibi ìsanwó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.