Ẹ Má Bi Chatbot Léèrè Ilé Bàbá Yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́láìyá, l'Óṣogbo, tí wọ́n na fóònù sí mi lójú: "Bọ̀dá, ohun tí chatbot sọ rèé o, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde." Chatbot, ìyẹn ètò orí fóònù tẹ́ ẹ máa ń kọ ìbéèrè sí tó ń dá yín lóhùn. Mo ti wà nídìí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà yìí látìgbà tá a ti ń ta browsing àṣemọ́jú, fọ́ọ̀mù JAMB ni o, páṣípọ́ọ̀tù ni o, èwo ni mi ò tíì ṣe rí? Àmọ́ ti ọdún yìí le.

Bí wọ́n ṣe ń ṣí i, mi ò ní sọ ìyẹn, ọmọ yín á fi hàn yín. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé ẹ kì í sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún un. "Níbo ni mo ti lè gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ l'Óṣogbo?" Ìbéèrè wo nìyẹn? Òṣogbo tí gbogbo wa ń pè ní ìlú kan yìí, ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín in: ọ́fíìsì ti Òṣogbo wà l'Ókè-Baálẹ̀, ti Ọlọ́rundá wà n'Ígbọ̀nà. Chatbot ò mọ agboolé ẹnì kankan, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n ti fún un kà ló ń tò fún yín, tẹ́ ẹ bá ti kọ Òṣogbo, Òkè-Baálẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀, á sì fi ìdánilójú sọ ọ́ bí ẹni tó bá bàbá yín jẹun.

Oníbáárà mi kan, bíríkìlà ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló gun ọ̀kadà lọ s'Ókè-Baálẹ̀, ó tò sórí ìlà pẹ̀lú fọ́tò nínú ọ̀rá. Akọ̀wé ní wọ́ọ̀dù wo, ó na fóònù sí i. Ọjọ́ kẹta ló tó wá bá mi. Mo ní ilé bàbá yín ńkọ́? Ó ní "ẹ̀yìn ọ́fíìsì Ọlọ́rundá gan-an ni." Ẹ gbà mí o! Ibi tó sùn sí, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀.

Torí náà ẹ kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, agboolé, ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́, tó bá dáhùn tán kẹ́ ẹ ṣì lọ bi ọ́fíìsì fúnra yín. Àwọn ará New York tó jẹ́ pé ìjọba ìlú wọn ló gbé chatbot tiẹ̀ jáde l'óṣù kẹwàá 2023, nígbà tó máa di oṣù kẹta 2024 àwọn oníròyìn ti ká a mọ́ ibi tó ti ń sọ fáwọn ọ̀gá pé wọ́n lè gbà nínú owó tí oníbáárà fi ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ, bẹ́ẹ̀ òfin ibẹ̀ ò gbà á.

Ìyá kan ní kí n jẹ́ kóun kọ́kọ́ fi òróró ra fóònù òun, pé ẹ̀mí ló ń dáhùn. Ẹlòmíì ní Ifá òyìnbó ni. Ifá kẹ̀! Tẹ́ ẹ bá lọ dáfá, inú owó lẹ máa ń sọ̀rọ̀ sí, babaláwo ò gbọ́. Ẹ wá fọ̀rọ̀ pamọ́ fún chatbot ná, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa sọ.

Àwọn tí mo tiẹ̀ fẹ́ bú gan-an ni àwọn "agent" orí WhatsApp tó fi fọ́tò sẹkitéríàtì ṣe DP, tí wọ́n ń díbọ́n pé chatbot ìjọba làwọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe NIN o, tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé nọ́ńbà yín, *346# ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lórí láìnì tẹ́ ẹ fi ṣe é, kí ló wá kan OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín? Orí bẹ́ǹṣì mi yìí ni tíṣà kan jókòó sí, mò ń bá a ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́wọ́, ó ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní kóun fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́. Kí n tó yíjú, ó ti tẹ̀ ẹ́. Fóònù gbọ̀n: ₦20,000. Ó tún gbọ̀n: ₦20,000. Ìkẹta, ₦23,000. A pe báǹkì, orin ni wọ́n ń kọ fún wa. Orin yẹn ò tíì tán tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì mìíì fi wọlé látọ̀dọ̀ "chatbot" náà: "Ẹ ṣé mà. Ṣé nǹkan mìíì tún wà tẹ́ ẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?"