Ta Là Ń Dúró Dè Lórí Ojú Irin Tí Wọ́n Ti Pa Tì?

Òtútù mú lọ́jọ́ náà débi pé èémí wa ń rú bí èéfín. Àwa mẹ́fà ni wọ́n kó lọ sí ojú irin kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ká lọ gé igbó tó bò ó. Ọkọ̀ ti dẹ́kun rírìn níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó dàgbà jù nínú wa. Igi ti hù láàárín àwọn pákó abẹ́ irin, òmíràn tó itan géńdé. Ibòmíì wà tí irin gan-an ò sí mọ́, àwọn tó máa tú u ti tú u lọ.

Síbẹ̀, ìwé òfin ààbò tí wọ́n fi lé olórí wa lọ́wọ́ ní kí ẹnì kan nínú wa má fọwọ́ kan iṣẹ́ rárá. Kó di fèrè mú, kó máa wọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá yọ lókèèrè, kó fun ún, kí gbogbo wa sún kúrò. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí aṣọ́nà ni wọ́n yan iṣẹ́ ọ̀hún fún. Nígbà tó di bí aago mẹ́wàá, ó rọra sún mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ta là ń dúró dè gan-an?"

Mi ò tíì dáhùn tí ìyá òyìnbó kan fi fa ajá rẹ̀ kọjá láàárín wa, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, kò dé akoto, kò wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn. Ó kí wa, ó wo fèrè ọwọ́ ọmọ náà, ó wá béèrè pé aago mélòó ni ọkọ̀ máa dé. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tí ọ̀kan nínú wa gun afárá kékeré kan tó dábùú odò. Pákó orí afárá náà ti jẹrà lábẹ́ ewéko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé títí dé itan. Orí ló bá a ṣe é tí apá rẹ̀ fi há mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ afárá. Aṣọ́nà wa wà níbi tí wọ́n ní kó dúró sí, ó kẹ́yìn sí wa, ó ń wọ̀nà fún ọkọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ka ìwé ọ̀hún láti òkè délẹ̀. Ojú ewé mẹ́rìnlá ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Afárá ò sí níbẹ̀.

Ní báyìí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ jẹun. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìlú Ọba níbí sì máa ń bi mí bóyá òfin ààbò yìí ò ti pọ̀ jù. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kì í ṣe iye rẹ̀ ni kí wọ́n wò. Òfin tí kò lè dárúkọ ewu tó ń lé ti pọ̀ jù, kó tiẹ̀ jẹ́ ìlà kan péré.

Ibo ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ti ń wá? Ẹ̀dà ni. Lọ́dún 1963, Richard Beeching, ọ̀gá àgbà rélùwéè ìjọba, gbé ìwé jáde pé kí wọ́n ti nǹkan bíi máìlì 5,000 ojú irin pa, pẹ̀lú ibùdókọ̀ tó lé ní 2,000. Wọn ò ti gbogbo rẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n tì pọ̀. Ojú irin kú, ìwé òfin rẹ̀ ò kú. Ọ̀gá tó bá fẹ́ rán èèyàn lọ síbẹ̀ lónìí á ṣí kọ̀ǹpútà, á mú ìwé tí wọ́n kọ fún ojú irin tó ń ṣiṣẹ́, á pààrọ̀ orúkọ ibẹ̀, ó parí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Mi ò dá ọ̀gá náà lẹ́bi tán: kò sẹ́ni tí wọ́n máa ń pè lẹ́jọ́ nítorí pé ó fi ìlà kan kún ìwé.

Ẹ wo jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn. Ọdún 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní Glasgow, kí awakọ̀ lè tètè rí wọn. Níbi tí kò sí awakọ̀, ta ló fẹ́ rí i? (Èmi kì í bọ́ tèmi níbi tí katapílà bá ti ń ṣiṣẹ́ o. Ìyẹn náà ní awakọ̀.)

Òfin ìlú gan-an ò béèrè àṣejù. Òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti ọdún 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ dáàbò bo òṣìṣẹ́ dé ibi tó bá bọ́gbọ́n mu láti ṣe é dé. Ẹjọ́ kan tó wáyé lọ́dún 1949, nípa òṣìṣẹ́ tí ihò kùsà wó pa, ló là á yé wa: gbé ewu sí apá kan òṣùwọ̀n, gbé owó, àsìkò àti wàhálà sí apá kejì. Bí wàhálà bá fi gidigidi wúwo ju ewu lọ, òfin ò ní kó o ṣe é. Wọ́n dá iléeṣẹ́ kùsà lẹ́bi nínú ẹjọ́ náà o, torí náà kí ọ̀gá kankan má sọ pé mo ní kó máa ṣọ́ owó. HSE, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí, tiẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lọ́dún 2012 kí aráàlú lè fẹjọ́ sùn ún bí ẹnì kan bá ń fi orúkọ ààbò bojú láti dí nǹkan lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ojú irin tí wọ́n ní ó ti kú lè máà kú. Ti Okehampton ní Devon, wọ́n dá ọkọ̀ èrò ojoojúmọ́ dúró níbẹ̀ lọ́dún 1972. Ní 2021 ó padà. Mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi bóyá wọ́n ti gé irin náà kúrò lára èyí tó ń ṣiṣẹ́. Gé ni mo wí, mi ò sọ pé wọ́n fi àmì lé e lórí máàpù. Mo tún ń wò bóyá òmíràn tó ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí igi tí ẹ bá gé níbí lè ṣubú sọ́hùn-ún. Iná mànàmáná náà ń kọ́? Wáyà òkè ojú irin ilẹ̀ yìí gbé iná tí agbára rẹ̀ tó fóòtì (volt) 25,000, kò dìgbà téèyàn fọwọ́ kàn án kó tó pa á. Mítà 2.75 ni wọ́n ní kéèyàn jìnnà sí i, mi ò sì rí àṣejù kankan nínú ìyẹn.

Àwa tá a dàgbà létí ojú irin l'Ọ́ṣogbo, etí la máa ń fi lé irin ká tó mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Ní Tebay, ní Cumbria, ìdájí ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2004, ohun tó wá bá àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọn ò ti retí ọkọ̀ kankan ò ní ẹ́ńjìnnì, kò tan iná: kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ru irin, tí bíréèkì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ló yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ láti orí òkè tó jìn tó máìlì mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn mẹ́rin kú. Bí irin ibi tẹ́ ẹ wà bá so mọ́ ibi kankan lókè, ẹ jẹ́ kí aṣọ́nà yín dúró.

Bí irin bá ti gé, tí kò sí wáyà, tí kò sí òmíràn nítòsí, ewu ò tíì tán. Ó kàn yípadà ni. Afárá tó jẹrà ló ṣáájú lọ́dọ̀ mi. Kòtò tí omi ń gbà ṣàn, tí koríko bo ẹnu rẹ̀, tẹ̀ lé e. Ihò abẹ́ òkè tí ọkọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè máà tó mí, bíríkì òrùlé rẹ̀ sì lè máa jábọ́. Oró wà lára pákó abẹ́ irin àtijọ́, wọ́n ti rì í sínú oògùn dúdú kan tó ń jó awọ ara. Ìtọ̀ eku tó lè kó àìsàn ranni wà nínú omi adágún. Eégbọn inú koríko ń gbé àìsàn Lyme kiri. Ewéko ńlá kan wà tí oje rẹ̀ ń bó èèyàn lára bí oòrùn bá ti kàn án. Mo ti rí ìwé tí kò dárúkọ ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí, àmọ́ tó ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń gbé àsíá sókè fún ọkọ̀.

Àṣejù yìí máa ń kọjá ara òṣìṣẹ́ nígbà míì. Ní Great Musgrave ní Cumbria, afárá kan wà láti ọdún 1862 lórí ojú irin tí wọ́n ti pa tì. Lọ́dún 2021 iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó irú afárá bẹ́ẹ̀ da òkúta àti kọnkéré tó lé ní tọ́ọ̀nù 1,000 sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kó má baà wó ni. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí i lọ́dún 2022, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún kó gbogbo rẹ̀ jáde. Owó lọ, owó bọ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kọ́ nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ni. Ó ti fi ojúmọ́ kan kọ́ pé fèrè jẹ́ eré. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú irin tí ọkọ̀ ti ń sá máìlì 125 ní wákàtí kan ni wọ́n máa mú un lọ. Ìyẹn ni pé kó o tó ka ení títí dé ẹẹ́wàá, ọkọ̀ ti rin mítà tó lé ní 500. Jákẹ́ẹ̀tì kan náà, ìwé kan náà, ohùn ọ̀gá kan náà. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé tọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe eré? Òṣìṣẹ́ méjì ló kú ní Margam ní Wales ní oṣù keje ọdún 2019. Ojú irin tó ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ̀rọ ń pariwo lọ́wọ́ wọn, kò sí aṣọ́nà.

Torí náà, bí wọ́n bá ń ka ìwé fún yín láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ igbó, ẹ fi ìtẹríba béèrè: "Ọ̀gá, kí ni ìlà yìí ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ rẹ̀?" Bí ó bá rí ìdáhùn, ẹ ṣe é tọkàntọkàn. Bí kò bá rí i, ẹ má dá a sọnù fúnra yín. Ẹ ní kó pe ẹni tó kọ ìwé.

Èmi ni wọ́n pè nígbà tí wọ́n ń padà lọ síbi afárá ọjọ́sí. Mo kọ́kọ́ lọ rí ibi tí irin ti gé. Ìwé wá di ojú ewé méjì, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé kẹ́nikẹ́ni má gun pákó afárá láì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gba fèrè lọ́wọ́ aṣọ́nà wa, mo fún un ní ọ̀pá gígùn kan, ó sì ń fi gún pákó kọ̀ọ̀kan níwájú wa títí a fi sọdá.