Dúdú yẹn ò ṣá, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò

Pé pupa àti yẹ́lò máa ń di àwọ̀ ọsàn, pé yẹ́lò àti búlúù máa ń di àwọ̀ ewé, ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tọ́wọ́ bá ti tẹ búrọ́ọ̀ṣì, mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi odidi táàmù kan kọ́ ọmọ. Ẹ ya kẹ̀kẹ́ àwọ̀, ìyẹn òbìrìkìtì tí wọ́n to àwọn àwọ̀ yí ká, sínú ìwé, ẹ ṣáà rántí pé pupa ló dojú kọ àwọ̀ ewé, búlúù dojú kọ àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò dojú kọ pọ́pù, ká máa lọ.

Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀ ò sí nínú agolo ọ̀dà rárá, ojú tó ń wò ó ló wà. Ká ní wọ́n hun òfì kan l'Ọ̀yọ́, wọ́n fi ìlà dúdú sáàárín búlúù tó mọ́lẹ̀ rekete, oníbàárà lè ní dúdú yìí ti ṣá, òwú àlòkù ni, bẹ́ẹ̀ inú ìdì òwú kan náà ni wọ́n ti fa ti ẹlòmíì tó ń dán kirikiri.

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1824 ni wọ́n fi Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Faransé, ṣe ọ̀gá àwọn aláró ní Gobelins ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ tí wọ́n ń ta sára ògiri. Wọ́n ń ráhùn pé dúdú ibẹ̀ ò dúdú tó. Ó wá òwú dúdú láti ibòmíì, ó fi wé tiwọn, kò rí ohun tó ṣe tiwọn. Àṣé ẹ̀gbẹ́ búlúù àti pọ́pù ni wọ́n ń hun ún sí.

Ojú kì í wọn àwọ̀ bí ẹni ń wọn gàrí, ó máa ń fi wé ara wọn ni. Tí búlúù bá ti pọ̀ níwájú ẹ̀, ńṣe ló máa ti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síhà òdìkejì, ìyẹn àwọ̀ ọsàn, dúdú tó bá sì ní àwọ̀ ọsàn díẹ̀ lára, bí aṣọ tí oòrùn ti pa ló ń rí. Ṣé ẹ ti lá oyin rí kẹ́ ẹ wá jẹ máńgòrò lé e? Á kan dénú eyín, ẹ á mú òmíì, òun náà á kan, ẹ á ní gbogbo máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bà jẹ́ lọ́dún yìí, ìyàwó yín á tọ́ ọ wò á ní ó mà dùn, ọ̀rọ̀ á di ìjà, bẹ́ẹ̀ omi lásán lẹ ì bá fi ṣan ẹnu. Ẹ jẹ́ ká fi onímáńgòrò sílẹ̀.

Ẹ gé páálí aláwọ̀ eérú kan sí méjì, ẹ gbé ìkan lé bébà pupa fòò, ìkan lé àwọ̀ ewé. Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, eérú tó wà lórí pupa á máa ṣe bí ewé díẹ̀, èyí tó wà lórí àwọ̀ ewé á máa pọ́n díẹ̀. Ẹ lu ihò méjì sí bébà funfun kẹ́ ẹ fi bo pupa àti ewé yẹn, kó ku eérú méjèèjì nìkan lójú ihò, kíá ni wọ́n á padà di ọ̀kan náà. Àwọn kan ń pe èyí ní ẹ̀tàn ojú, ó sì máa ń bí mi nínú, torí fífi wéra yìí náà ló jẹ́ ká mọ aṣọ funfun ní funfun, ìbáà jẹ́ lọ́sàn-án gangan tàbí nídìí àtùpà.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, bí ìlà ṣe fẹ̀ tó náà wà níbẹ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á máa pariwo mọ́ra wọn. Tó bá jẹ́ fọ́nrán kan pupa, fọ́nrán kan ewé ni, á dùn-ún wò lójú òfì, ẹ wá wò ó láti òdìkejì títì, rẹ́súrẹ́sú bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò.