Omi Inú Ápù Ló Ń Ba Búrẹ́dì Ápù Jẹ́

Tí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé ní ìpínlẹ̀ New York níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ búrẹ́dì, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa máa ń bi mí: "Búrẹ́dì ápù tí mo ṣe pọ́n lókè, ó ń ta sánsán, àmọ́ nígbà tí mo gé e, inú rẹ̀ rin, ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Kí ló fà á?" Àwọn kan ti fi kún ìyẹ̀fun, àwọn kan ti fi kún béékìn páúdà, àwọn mìíràn ti fi í sílẹ̀ sínú ófùn títí etí rẹ̀ fi jóná. Kò sí èyí tó kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀. Omi ni. Nínú 100 gíráàmù ápù, nǹkan bíi 85 ló jẹ́ omi, díẹ̀ péré nínú omi yìí la sì ń rí nígbà tí a bá ń gé e. Inú ófùn ni èyí tó pọ̀ jù ti ń tú jáde, nígbà tí ọwọ́ wa ti kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mọ bí òun ṣe máa bá omi yìí lò ti mọ búrẹ́dì ápù ṣe.

Kí n tètè sọ irú búrẹ́dì tí mò ń sọ. Inú páànù búrẹ́dì gígùn la ti ń yan án, àmọ́ a kì í fi yíìsì sí i, a kì í sì í pò ó bí a ṣe ń po búrẹ́dì Àgége. Béékìn páúdà àti baking soda ló ń gbé e sókè, nítorí náà a kì í dúró dè é kó wú. Láàárín wákàtí méjì, ó ti jáde.

Ìgbà ìwọ́wé ni ápù tuntun máa ń wọ́pọ̀ ní apá ibí. Ìpínlẹ̀ Washington ló ń mú ápù jáde jù lọ ní Amẹ́ríkà, New York ló sì tẹ̀ lé e. Àwọn oko tó wà ní àfonífojì odò Hudson, ní agbègbè bíi Warwick àti New Paltz, máa ń gba aráàlú láàyè láti wá já ápù fúnra wọn ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Tí ẹ bá lọ, ẹ má ṣe fa ápù wálẹ̀ láti orí igi. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ yí i. Tó bá ti gbó, á tẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Èyí tó ti bọ́ sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí àgbọ̀nrín máa ń rìn lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyẹn, ìgbẹ́ wọn sì lè kó kòkòrò àìsàn bá a. Kí ẹ tó kúrò lóko, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ápù tó lábùkù lára. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, kò sì sí ohun tó ṣe é fún búrẹ́dì. Ẹ kàn gé ibi tó dúdú kúrò.

Irú ápù tí ẹ bá mú ló máa pinnu bí omi náà ṣe máa jáde. McIntosh, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John McIntosh rí lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ontario, ní Kánádà, ní 1811, wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ gbó lọ́dọọdún. Òórùn rẹ̀ kò láfiwé, àmọ́ bí iná bá ti kàn án pẹ́, ńṣe ló máa ń yòrò. Granny Smith, ápù aláwọ̀ ewé tó ń kan lẹ́nu, òun ní tirẹ̀ máa ń dúró gírí. Australia ló ti wá, láti ọgbà ìyá kan tó ń jẹ́ Maria Ann Smith ní 1868. Honeycrisp, tí Yunifásítì Minnesota gbé jáde ní 1991, kì í yòrò, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ pọ̀, ó sì wọ́n. Jíjẹ lásán ni mo fẹ́ràn rẹ̀ sí, mi ò rò pé ó yẹ kí èèyàn máa kó irú owó yẹn sínú ófùn. Cortland, tí wọ́n ti ara McIntosh mú jáde ní Geneva, ní New York níbí, dára fún ẹni tí kì í yára gé ápù, torí kì í tètè dúdú lẹ́yìn tí a bá gé e tán. Ọba wọn lójú tèmi ni Northern Spy. Ápù àtijọ́ ni, New York náà ló ti wá, ó máa ń pẹ́ kó tó gbó, nígbà míì ó di òpin oṣù Kẹwàá. Ó kan, ó dùn, ó le. Tí ẹ bá rí i lọ́jà àwọn àgbẹ̀, ẹ má ṣe kọjá rẹ̀. Èyí tí mo máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n má lò ni Red Delicious. Tó bá ti rí iná, kò ní adùn mọ́, ara rẹ̀ á sì rí ṣákálá.

Oríṣi méjì ni mo máa ń lò pọ̀. Èyí tó ń yòrò ni mò ń rin, kí adùn àti òórùn rẹ̀ lè wọnú gbogbo búrẹ́dì náà. Èyí tó ń dúró gírí ni mò ń gé wẹ́wẹ́, kí eyín lè bá nǹkan níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè fi Granny Smith ṣe méjèèjì. Ohun tí àwọn tó ń ta èso ń pè ní ápù gíríìnì náà ni.

Tí ẹ bá ti kó ápù délé, inú fìríìjì ni ibùgbé rẹ̀, nínú ọ̀rá, kó jìnnà sí ẹ̀fọ́. Ápù máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ethylene jáde, afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kí ó tètè rọ̀, ó sì ń mú kí ewé ẹ̀fọ́ pọ́n. Lórí tábìlì ilé ìdáná tó móoru, kò ní pẹ́ tó fi máa rọ̀.

Fún páànù kan tó gùn ní íńṣì 9, tó sì fẹ̀ ní íńṣì 5, ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 250 ni mò ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré sílé ìdáná. Kọ́ọ̀pù ìyẹ̀fun tí ẹ bá fi tagbára bù lè wọn 150 gíráàmù, èyí tí ẹ bá fi ṣíbí rọra dà sínú kọ́ọ̀pù náà lè má ju 120 lọ. Nínú kọ́ọ̀pù méjì, ìyàtọ̀ yẹn tó ìyẹ̀fun tó lè sọ búrẹ́dì di òkúta. Ẹ jọ ìyẹ̀fun náà pẹ̀lú ṣíbí ìmutíì kan àbọ̀ béékìn páúdà, ìdajì ṣíbí baking soda, ìdajì ṣíbí iyọ̀, ṣíbí méjì sínámónì, àti nọ́tímẹ́gì díẹ̀. Nínú abọ́ kejì, ẹ lu ẹyin méjì, ṣúgà pupa gíráàmù 150 (ẹ kọ́kọ́ yọ ṣíbí ìjẹun kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ápù), òróró tí kò ní òórùn mílílítà 120, àti yúgọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà mílílítà 120. Ápù gíráàmù 300 ló ń wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti bó o tí ẹ sì ti yọ kóró rẹ̀. Ápù méjì tó tóbi díẹ̀ ni.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo bọ́tà. Bọ́tà dùn lẹ́nu lóòótọ́, mo sì ń lò ó nínú ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Àmọ́ bọ́tà náà ní omi nínú, bíi 16 sí 18 nínú 100, tó bá sì tutù, ó ń dì, búrẹ́dì á le lọ́jọ́ kejì. Òróró kò ní omi, kì í sì í dì. Ní ti yúgọ́ọ̀tì, kíkan rẹ̀ ló ń jẹ́ kí baking soda ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi mílíìkì lásán rọ́pò rẹ̀, kó yọ baking soda náà kúrò, kó sì fi ìdajì ṣíbí béékìn páúdà kún èyí tó wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, búrẹ́dì náà á máa ta ọṣẹ lẹ́nu.

Ó wá ku omi. Ẹ rin ìdajì ápù náà lójú ìrin tó fẹ̀, ẹ kó o sínú aṣọ mímọ́, kí ẹ fún un níwọ̀nba, kó má gbẹ táútáú. Ìdajì tó kù, ẹ gé e kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun ṣúgà kan tí ẹ ti yọ sọ́tọ̀ sórí rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣúgà á fa omi jáde lára rẹ̀, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ abọ́. Ẹ má da omi yìí nù rárá. Ẹ da òun àti èyí tí ẹ fún lára ti rírin sínú ìkòkò kékeré, ẹ gbé e kaná títí á fi ki, tó máa ku bíi ṣíbí ìjẹun méjì. Orí búrẹ́dì ni ẹ máa fi pa nígbà tó bá jáde láti inú ófùn. Adùn ápù ṣì wà níbẹ̀, omi nìkan ló lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí gígé náà kéré ni pé ápù tó tóbi máa ń sunkì bí omi rẹ̀ ṣe ń di ooru gbígbóná, á fi ihò sílẹ̀ lórí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á sì rin. Àwọn kan ní kí a fi ìyẹ̀fun ra á lára kó má bàa rì. Mi ò rí i pé ó ń ṣe ohun tó pọ̀. Gígé kékeré nínú àpòpọ̀ tó ki kì í rì.

Tí ẹ bá ń da ohun olómi sínú ìyẹ̀fun, ẹ gbàgbé bí a ṣe ń lu ẹ̀wà àkàrà. Bí a bá ṣe lu ẹ̀wà tó ni àkàrà á ṣe fúyẹ́ tó, torí ẹ̀wà kò ní gluten, ìyẹn èròjà inú àlìkámà tó máa ń fà, afẹ́fẹ́ nìkan ni à ń lù sí i. Ìyẹ̀fun àlìkámà ní gluten, bí a bá sì ṣe ń rò ó lẹ́yìn tí omi ti kàn án ló ṣe ń fà, tí búrẹ́dì á wá le bíi rọ́bà. Ṣíbí onígi ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ. Ẹ rọra yí i pọ̀ títí ẹ ò fi ní rí ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́, ẹ da ápù sí i, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó tó. Tó bá ní kókó díẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú.

Ófùn inú ilé tí a háyà máa ń purọ́. Ojú rẹ̀ lè sọ 350, kí inú jẹ́ 325 tàbí 375. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, èyí kékeré tó ṣeé gbé kọ́ sínú ófùn. Owó rẹ̀ kò tó iye tí ẹ máa fi ra ápù tó máa bàjẹ́. 350 Fahrenheit la fẹ́, ìyẹn 177 ní Celsius. Tó bá jẹ́ páànù onígíláàsì lẹ ní, ẹ dín in kù sí 325, kí ẹ fún un ní àkókò sí i. Àárín ófùn ni kí ẹ gbé e sí. Fún ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ má ṣí i, torí afẹ́fẹ́ tútù lè mú kí àárín rẹ̀ jìn kó tó dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, tí orí rẹ̀ bá ti ń pọ́n jù, ẹ fi fóìlì bò ó. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 55 sí 65.

Igi ìtayín tí gbogbo èèyàn ń fi yẹ̀ ẹ́ wò lè tan yín jẹ. Tó bá gún ápù, á jáde pẹ̀lú omi bó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì ti jinná, ẹ sì lè fi í sílẹ̀ sínú iná títí á fi gbẹ. Ẹ gún un níbi méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá ní èyí tí wọ́n fi ń wọn ooru inú ẹran, kó kì í bọ àárín búrẹ́dì náà: tó bá ti wà láàárín 200 sí 205 Fahrenheit, ẹ gbé e jáde.

Bí ẹ bá wá gé e, tí ẹ rí ìlà kan tó rin nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, omi ápù ni ẹ kò yọ tó. Tó bá jẹ́ àárín nìkan ló rin tó sì jìn, kò tíì jinná ni. Tó bá ní àwọn ihò gígùn tó ń gòkè, tó sì ń fà lẹ́nu, ẹ ti rò ó jù.

Àwọn kan fẹ́ràn ti oníyíìsì, kò burú. Ohun kan ni kí ẹ mọ̀ níbẹ̀: sínámónì máa ń dí yíìsì lọ́wọ́ tó bá pọ̀ nínú ìyẹ̀fun tí a ń pò. Ẹ tẹ́ ìyẹ̀fun tó ti wú náà pẹrẹsẹ, ẹ da sínámónì, ṣúgà àti ápù sórí rẹ̀, kí ẹ wá ká a.

Nígbà tí búrẹ́dì bá jáde, ẹ fi í sílẹ̀ nínú páànù fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ fi omi ápù tó ti ki pa á lórí, kí ẹ wá yọ ọ́ sórí ohun tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tó bá pẹ́ jù nínú páànù, á làágùn. Ẹ má gé e kó tó pé wákàtí kan, torí inú rẹ̀ ṣì ń dúró. Ọjọ́ kejì gan-an ló máa ń dùn jù, nígbà tí ọ̀rinrin ápù bá ti kárí, tí sínámónì ti wọ̀ ọ́. Nínú ọ̀rá tàbí fóìlì, ó lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lórí tábìlì. Fìríìjì máa ń jẹ́ kó tètè gbó, nítorí náà ohun tí ẹ kò bá ní jẹ tán, ẹ gé e ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ kó o sínú fírísà, á lò tó oṣù mẹ́ta. Láti inú fírísà ni kí ẹ ti máa mú un lọ sínú ófùn kékeré tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń yan búrẹ́dì tí a ti gé, láìdúró kó yọ́.