Àràdàṣà Ni Mo Pè É, N Kò sì Ní Yí I Padà

Bí ẹ bá tan rédíò ní Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní òwúrọ̀, kí omi ẹ̀kọ tó hó tán ni ẹ ó ti gbọ́ "inofasíọ̀ǹ" ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ìyẹn "innovation" àwọn Faransé, ohun tuntun tí a gbé dé ọwọ́ àwọn ènìyàn fún lílò. Bí ọ̀rọ̀ bá kan Sèmè City, tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sọ pé kí ó jẹ́ ìlú ìmọ̀ àti ti inofasíọ̀ǹ, olóòtú ètò á fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni tí ń ki oríkì. Bí ó bá kan ọ̀dọ́ kan tí ó ṣe ètò orí tẹlifóònù, inofasíọ̀ǹ náà ni. Bí ó bá sì kan obìnrin Kétu tí ó rí ọ̀nà mìíràn láti fún omi gbágùúdá, kò ní orúkọ mìíràn. N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Àwọn baba wa yá àlùbọ́sà láti inú èdè Lárúbáwá, àwa náà yá rédíò lọ́wọ́ Òyìnbó, ilẹ̀ kò sì ya. Èyí tí ń bí mi nínú ni àyálò tí ẹni tí ń pè é gan-an kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí ó wá ń fi í bo àìmọ̀ rẹ̀ bí ẹni fi ewé bo ọbẹ̀ tí ó ti kan.

Àwọn ará wa tí ó wà ní òdìkejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, ti gbìyànjú jù wá lọ, mo sì ń torí tiwọn kọ ọ̀rọ̀ yìí ní àkọtọ́ tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe èyí tí a fi ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé lọ́dọ̀ wa níbí, tí í máa kọ "sh" àti "kp". Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni "ìmúdọ̀tun". Ẹ jọ̀wọ́, kí ni à ń mú dọ̀tun bí kò ṣe ohun tí ó ti gbó? Òrùlé tí ń jò ni à ń mú dọ̀tun, ẹ̀jẹ́ ni à ń mú dọ̀tun, àjọṣe tí ó ti tutù láàárín ẹbí méjì ni à ń mú dọ̀tun. Ẹni tí ó bá fi ìmúdọ̀tun pe ohun tí irú rẹ̀ kò sí nílẹ̀ rí ti sọ òdì ohun tí ó fẹ́ sọ. Àwọn mìíràn ní "ìṣẹ̀dá tuntun". Ẹlẹ́dàá ni ó ni ìṣẹ̀dá, àwa ènìyàn kàn ń to ohun tí a bá nílẹ̀ pọ̀ ni. Àti pé ta ni ó ń ṣẹ̀dá ohun àtijọ́ tí a ó fi wá fi "tuntun" há a lẹ́yìn?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo bọ̀wọ̀ fún nínú gbogbo wọn ni "ìhùmọ̀", nítorí ó dára, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó dúró ní àárín ọ̀nà. Ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni ohun náà wà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Joseph Schumpeter, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Austria, ti rí ọ̀rọ̀ yìí láti 1911, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn hùmọ̀ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí ó gbé e wọ inú ìgbésí ayé àti ọjà àwọn ènìyàn, àti pé ẹni tí ń ṣe èkíní kì í sábà jẹ́ ẹni tí ń ṣe èkejì. Nítorí náà, mo fi ìhùmọ̀ sílẹ̀ fún èkíní. Èkejì ni mo ń wá orúkọ fún.

Ọ̀gá olùkọ́ kan ní Ṣábẹ̀, tí mo ń bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí irun orí wa ti dúdú, ní "àrà" lásán ti tó. Ó ní Yorùbá kì í ṣe òmùgọ̀, pé bí a bá ní lágbájá dárà, gbogbo ayé mọ̀ pé ó ṣe ohun tí ojú kò rí rí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àrà lè jẹ́ ti ọjọ́ kan. Onídán ń dárà, bàtá ń dárà lẹ́sẹ̀ oníjó, ọmọ tí ó fi ọwọ́ kan gun kẹ̀kẹ́ ń dárà, a ó pàtẹ́wọ́, a ó sì lọ sílé lọ jẹun. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń náwó lé lórí, tí àwọn ọlọ́gbọ́n abúlé sì ń pa oorun tì nítorí rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ó pàtẹ́wọ́ fún tí a ó sì gbàgbé. Wọ́n fẹ́ kí a máa lò ó lọ́la láìronú, bí a ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Àrà tí ó di àṣà ni. Bí ẹ bá pe é kíákíá, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi: àràdàṣà. Ẹni tí ó bá ní irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú èdè, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń jẹ́ Ẹkúndayọ̀ bóyá kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ó kù kí n ṣàlàyé ohun náà gan-an, n kò sì ní lọ jìnnà sí Kétu. Ẹ wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ìsàlẹ̀ ère, níbi tí ojú àti ẹnu wà, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Òkè orí ni agbẹ́gilére ti ń lo ọgbọ́n inú rẹ̀: ó lè gbé ejò àti ẹyẹ lé e, ó lè gbé alùpùpù, ọkọ̀ òfurufú tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ lé e. Ká ní agbẹ́gilére kan wá ronú kan ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí. Níwọ̀n ìgbà tí ó ṣì wà ní inú rẹ̀, èrò ni. Ọjọ́ tí ó bá gbẹ́ ẹ tán, tí igi kò là, ìhùmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ère kì í jó fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ san owó igi àti owó ọ̀dà, oníjó gbọ́dọ̀ lè rù ú kí ọrùn rẹ̀ má wọ́, onílù gbọ́dọ̀ rí ẹsẹ̀ oníjó tẹ̀ lé, àwọn ìyá tí a torí wọn jó sì gbọ́dọ̀ rí i kí inú wọn yọ́. Bí oníjó bá gbé e sọ̀ lẹ́yìn ìlù mẹ́ta tí ó ní ó wúwo jù, agbẹ́gilére á tún mú àáké, á gbẹ́ inú rẹ̀ sí i, á gé ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà kúrú. Ìgbà tí ó bá wá di ọdún kejì, tí ẹgbẹ́ abúlé mìíràn rán ọmọ wá pé kí a bá àwọn gbẹ́ irú rẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì ń gbẹ́ ẹ láìmọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, àrà ti dàṣà nìyẹn. Wọ́n ní ojú tí ó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, n kò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi tún ń wá àpẹẹrẹ mìíràn kiri.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá kò gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Ní 1968, Spencer Silver, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà, ń wá àtè tí yóò lágbára gidi, ó sì bá èyí tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan pàdé: ó ń lẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni a fi ń ṣí i, a sì tún lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Ó ń ròyìn rẹ̀ káàkiri ọ́fíìsì fún ọdún púpọ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí a ó fi í ṣe. Ní 1974 ni Art Fry, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí í máa kọrin ní ìjọ, tí ìwé tí ó fi sàmì sí ojú orin sì ń já bọ́ nígbà gbogbo, rántí àtè aláìlágbára náà, pé ó lè mú ìwé pélébé dúró láìba ojú orin jẹ́. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ó di 1980 kí ìwé pélébé alátè náà, tí wọ́n ń pè ní Post-it, tó wọ ọjà jákèjádò Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlú Boise kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì fúnra wọn tó mọ̀ pé àwọn kò lè ṣe aláìní in. Ọdún 12 ni ó wà láàárín ìhùmọ̀ àti àràdàṣà, ọdún 12 yìí ni "inofasíọ̀ǹ" orí rédíò máa ń fò kọjá.

Ti Kodak burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Steven Sasson, ẹnjiníà wọn, ṣe ẹ̀rọ ayàwòrán tí kò lo fíìmù ní 1975, ṣùgbọ́n fíìmù ni ilé-iṣẹ́ náà ń tà jẹun, wọ́n sì rọra gbé àrà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ dàṣà. Ní 2012, Kodak lọ sí kóòtù lọ sọ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni M-Pesa ti Kẹ́ńyà, ètò tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, nítorí àwọn ènìyàn lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Kí ó tó dé, àwọn ará ibẹ̀ ti ń ra owó ìpè tẹlifóònù ní ìlú ńlá, wọn a fi í ránṣẹ́ sí ìyá ní abúlé, ìyá náà a sì tà á fún ẹni tí ó fẹ́ pe ènìyàn, owó a bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n ti dárà, wọn kò sì mọ̀ pé àrà ni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Safaricom àti Vodafone wá ń dán ètò tiwọn wò, kí àwọn tí ó yá owó kékeré lè máa san gbèsè wọn láti orí tẹlifóònù ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn tí wọ́n gbé e fún sì ń fi í fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ì bá bínú pé wọn kò lò ó bí a ti ní kí wọ́n lò ó. Àwọn wọ̀nyí yí ètò padà tẹ̀ lé ẹsẹ̀ oníjó, nígbà tí wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ìlú ní 2007, ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ kò ju pé kí á fi owó ránṣẹ́ sílé. Lónìí, ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní ọjà Àjàṣẹ́ ń gba owó lórí fóònù, kò sì pe é ní nǹkankan. Bí ohun bá ti dàṣà tán, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ìròyìn mọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ilé-iṣẹ́ olówó nìkan ni ó lè ṣe é. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà tí a bí sí ìdílé amọ̀kòkò, ki ìkòkò amọ̀ kan bọ inú òmíràn, ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi inú iyanrìn ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru lọ, tí inú ìkòkò sì ń tutù, tí ìgbá tí í máa bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta fi ń pé ọjọ́ 27. Ẹni tí ó bá ní àmù nílé yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ó ń mú omi àmù tutù náà ni. Òótọ́ ni, ìhùmọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan! Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ń sọ: ó wá àwọn amọ̀kòkò tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ wọn, ó pín ìkòkò náà ní àwọn abúlé, ó sì jẹ́ kí àwọn òṣèré abúlé ṣe eré tí a yà sínú fídíò, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè rí bí a ti ń lò ó. Ìyẹn ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex fún ní 2000, bí ẹ bá bi mí. Ní Àjàṣẹ́ níbí náà, oko ẹ̀kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ Songhaï, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ìdin inú ìgbẹ́ ẹran lè bọ́ ẹja, tàbí pé ìgbẹ́ náà lè di gáàsì ìdáná. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì padà lọ dá oko bẹ́ẹ̀ sí ìlú wọn, ni ìdáhùn sí ẹni tí ó bá béèrè àràdàṣà ibẹ̀.

Àwọn tí ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò fẹ́ kí n ya èyí tí ó jẹ́ ti ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó jẹ́ ti ọ̀nà ìṣiṣẹ́, àti èyí tí ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára èyí tí ó dojú gbogbo nǹkan dé. Kí wọ́n máa yà á. Fún ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Àtakò kan wà tí ó tó gbé yẹ̀ wò, ọ̀rẹ́ mi ará Ṣábẹ̀ náà ni ó sì mú un wá: ó ní àṣà jẹ́ ti àwọn baba ńlá, pé ohun àná kò lè jẹ́ àṣà. Mo bi í bóyá gàrì jẹ́ àṣà wa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ni kò mọ̀? Mo ní gbágùúdá kò sí ní ilẹ̀ wa ní àtètèkọ́ṣe, Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá, àti pé bí a ti ń rin ín, tí à ń fún omi rẹ̀ tí ó lóró, tí a sì ń yan án, àrà ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i. Gbogbo àṣà ni ó ní ọjọ́ tí ó jẹ́ àrà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n sọ ohun tí a ó máa pe ẹni tí ń ṣe àràdàṣà.

Níbẹ̀ ni ó ti mú mi. "Olùsọ-àrà-dàṣà" gùn ju ọ̀nà Kétu lọ, "adárà" sì tún dá wa padà sọ́dọ̀ onídán. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dábàá "aláràdàṣà". Ó ń dún bí orúkọ tí onílù ń pe ẹni tí ó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí ó sàn jù ú lọ, mo sì ti ń lò ó.