Òru ni adìẹ ń mọ èèpo ẹyin rẹ̀

Láti Ọbàǹtokò títí dé ọ̀nà Àlàbàtà, kò sí ibi tí àwọn tó ń sin léyà, ìyẹn adìẹ ẹlẹ́yin, ní Abẹ́òkúta ti pàdé tí ọ̀rọ̀ èèpo ẹyin kì í wáyé. Wọ́n á kó ẹyin sínú kíréètì láàárọ̀, kó tó dé ọjà Kútọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ti là. Nígbà mìíràn ẹyin á bọ́ sílẹ̀ láìní èèpo rárá, awọ lásán ló dì í mú, ó ń mì lọ́wọ́ bíi rọ́bà tí wọ́n rọ omi sí. Oògùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ rà. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ àti àkókò tí adìẹ jẹ ẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹyin kan ń gbà tó wákàtí 24 sí 26 nínú adìẹ. Pupa ẹyin ló ń kọ́kọ́ já sílẹ̀. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, funfun á bò ó fún bíi wákàtí mẹ́ta, awọ fẹ́lẹ́ méjì á sì yí i ká láàárín wákàtí kan lé díẹ̀. Gbogbo àkókò tó kù, bíi 20 wákàtí, iṣẹ́ èèpo ni. Àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ adìẹ sì ń yé, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ń bọ́ sí òru, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tí adìẹ kò sì jẹun mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kálísíọ́mù kábónéètì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèpo ẹyin, ohun kan náà tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì. Kálísíọ́mù inú èèpo kan tó gíráàmù 2. Léyà tó jẹ gíráàmù 110 lójúmọ́, tí kálísíọ́mù oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ìdá 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, á gbé bíi gíráàmù 4 mì, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló ń wọ ara. Kò sí àṣẹ́kù níbẹ̀. Ẹni tó bá wá po àgbàdo tàbí èérí mọ́ fíìdì kó lè pẹ́ nílẹ̀, èèpo ẹyin ló ń bù kù.

Bí oúnjẹ inú ìfun bá tán lóru, adìẹ kì í dá iṣẹ́ dúró, egungun ara rẹ̀ ló máa lọ yá. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yé ni ara rẹ̀ ti kó kálísíọ́mù pamọ́ sínú ihò egungun itan. Oúnjẹ ọjọ́ kejì ló yẹ kó san gbèsè náà. Bí kò bá rí san, èèpo á kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, nígbà tó bá yá, adìẹ fúnra rẹ̀ á jókòó sínú kéèjì, kò ní lè dìde, egungun rẹ̀ á sì máa kán wẹ́rẹ́. Ó dunni púpọ̀, torí pé adìẹ tó ń yé dáadáa jù ni èyí sábà ń kọlù.

Ìdí nìyí tí ìkarahun, tí a fi ń fi kálísíọ́mù kún oúnjẹ wọn, tí a fọ́ sí wóró fi sàn ju èyí tí a lọ̀ kúnná lọ fún òru. Èyí tó kúnná á tètè yọ́ kọjá. Wóró á dúró sínú iwe, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìkarahun òkun ni wọ́n ń tà jù, ti ìgbín tí a sè, tí a sá gbẹ, tí a sì fọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán kí ilẹ̀ tó ṣú ni ká fún wọn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi oúnjẹ léyà bọ́ òròmọdìẹ tàbí gírówà, ìyẹn adìẹ tó ń dàgbà tí kò tíì yé: kálísíọ́mù tí wọ́n nílò kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ wọn lọ, àpọ̀jù rẹ̀ ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Oòrùn oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà náà ní tirẹ̀. Lábẹ́ páànù gbígbóná, adìẹ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó yẹ kó bá kálísíọ́mù ṣe èèpo á máa gba ẹnu jáde. Kò sì ní jẹun tó. Ká bọ́ wọn láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́, kí omi tútù má wọ́n wọn.

Àrùn kì í ṣe irọ́ o. Bí ẹyin bá dín kù lójijì, tí èèpo hun jọ, tí funfun rẹ̀ ṣàn bí omi, tí adìẹ sì ń wúkọ́, ó lè jẹ́ àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle tàbí àrùn ọ̀nà ọ̀fun. Dókítà ẹran ló kàn. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta.

Ti adìẹ àgbà yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ẹyin wọn ń tóbi sí i, ṣùgbọ́n kálísíọ́mù tí wọ́n ń fi sí èèpo kò pọ̀ sí i, ó kàn ń tẹ́ fẹ̀ ni. Ẹyin tiwọn ni ká tà ládùúgbò, kí ti àwọn ọ̀dọ́ máa lọ sí ọ̀nà jíjìn.